Wọ́n Ní Ọwọ́ Wo Ni Yóò Dì Í Mú? Ìrìn Àjò Mi Lọ Ra Ọ̀bẹ Kékeré ní Japan

Kì í ṣe èmi ni mo fẹ́ ra ọ̀bẹ o. Ẹ jẹ́ n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, nítorí àwọn ọ̀rẹ́ mi tó gbọ́ pé mo tìtorí ọ̀bẹ kékeré kan rìn káàkiri ìlú méjì ní Japan ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí di òní. Wọ́n ní ṣé kò sí ọ̀bẹ ní Dùgbẹ̀ ni? Ọ̀bẹ wà ní Dùgbẹ̀. Àǹtí mi ló rán mi.

Oúnjẹ òde ìnáwó ni àǹtí mi ń sè ní Ìbàdàn, ó sì ti lé lógún ọdún tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà. Ní nǹkan bí ọdún méjì sẹ́yìn, ó ń gé kárọ́ọ̀tì fún ìrẹsì ìgbéyàwó kan. Ọ̀bẹ tó ń lò ti kú, ẹni tí ọ̀bẹ rẹ̀ bá sì ti kú, agbára ló máa ń fi tẹ̀ ẹ́. Bó ṣe tẹ̀ ẹ́ báyìí, ọ̀bẹ yọ̀ lára kárọ́ọ̀tì, ó di àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ojú mẹ́rin ni wọ́n rán an ní ọsibítù. Ó jinná lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìka náà ò lágbára mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, ẹ̀rù ọ̀bẹ ńlá sì wá ń ba obìnrin tó jẹ́ pé ìdí ọ̀bẹ ló ti ń jẹun. Ẹ fi í sọ́kàn pé àtàǹpàkò ọ̀tún ni mo wí o. A máa padà síbẹ̀.

Nígbà tó gbọ́ pé ilé iṣẹ́ wa fẹ́ rán mi lọ sí Tokyo àti Osaka fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, ó pè mí lórí fóònù. Ó ní, "Wọ́n ní àwọn ará Japan mọ ọ̀bẹ ṣe. Kékeré ni kó o rà fún mi, èyí tí mo lè fi bẹ nǹkan, tí mo lè fi ṣe iṣẹ́ wẹ́wẹ́. Owó àjọ mi ni mo ń kó fún ẹ yìí o. Má lọ fi ra ìrànù."

Mo ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, Àǹtí mi." Mo rò pé iṣẹ́ wákàtí kan ni.

Bí ẹ bá dé Tokyo tí ẹ béèrè ibi tí wọ́n ti ń ta ohun èlò ilé ìdáná, Kappabashi ni wọ́n máa júwe fún yín. Ó wà láàárín Ueno àti Asakusa. Ọkọ̀ ojú irin tó ń gba abẹ́ ilẹ̀ ni mo wọ̀, mo bọ́ sílẹ̀ ní Tawaramachi, mo sì fẹsẹ̀ rìn fún ìṣẹ́jú bíi márùn-ún. Ẹ ò lè ṣìnà, nítorí wọ́n gbé ère orí alásè kan sórí ilé ní ẹnu àdúgbò náà, orí gìrìwò tó dá irun imú sí tó sì dé fìlà funfun. Òpópónà náà gùn tó nǹkan bíi 800 mítà, ṣọ́ọ̀bù tó wà níbẹ̀ sì tó bíi 170. Àwo, ìkòkò, àga ilé oúnjẹ, igi tí wọ́n fi ń jẹun, kò sí ohun tí wọn kì í tà níbẹ̀. Wọ́n tún ń ta oúnjẹ tí wọ́n fi rọ́bà ṣe, èyí tí àwọn olóúnjẹ máa ń pàtẹ síwájú ṣọ́ọ̀bù kí oníbàárà lè rí ohun tó fẹ́ jẹ. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kówó sílẹ̀ fún abọ́ ìrẹsì kan níbẹ̀ kí n tó mọ̀ pé eyín ò lè wọ̀ ọ́.

Ọ̀bẹ ńkọ́? Ọ̀bẹ pọ̀ débi pé ojú mi kọ́kọ́ fọ́. Ní ilé tiwa, ọ̀bẹ kan náà la fi ń bẹ iṣu, la fi ń gé ẹran, la sì fi ń ṣí agolo mílíìkì bí kò bá sí ohun mìíràn. Tiwọn ò rí bẹ́ẹ̀. Deba wà, ó nípọn, ẹja ni wọ́n fi ń kun. Yanagiba gùn, ó sì tín-ín-rín, ẹja tútù tí wọ́n ń jẹ láìsè ni wọ́n fi ń rẹ́. Nakiri wà fún ẹ̀fọ́. Santoku ni ti gbogbo iṣẹ́. Kékeré tí àǹtí mi ń wá ni wọ́n ń pè ní petty, láti inú èdè Faransé tí wọ́n ti ń pe nǹkan kékeré ní petit. Èyí tó kéré jù tí mo rí lára wọn gùn ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́jọ, àwọn mìíràn jẹ́ 12 tàbí 15.

Ojú mi lọ sára ọ̀kan tí àwòrán bí omi tó ń ru wà lára irin rẹ̀. Ó dán, ó wu ojú, owó rẹ̀ sì ga. Ìyá kan tó tó ìyá mi lọ́jọ́ orí ló ń tajà níbẹ̀, ó gbọ́ òyìnbó díẹ̀díẹ̀. Ó gbà á lọ́wọ́ mi jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ó fi ìka tọ́ka sí ìlà tín-ín-rín kan létí ẹnu ọ̀bẹ náà. Ó ní irin tó wà ní ìlà yẹn ló ń gé nǹkan, pé àwòrán tí mo ń wò yẹn, ẹ̀wù tí wọ́n wọ̀ fún un ni. Bó bá wù mí kí n rà á, ṣùgbọ́n kò ní gé àlùbọ́sà ju èyí tí kò ní àwòrán lọ. Ẹ ẹ̀ rí olóòótọ́ ọlọ́jà!

Ìgbà yẹn ló wá bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ mi. Ta ló fẹ́ lò ó? Mo ní ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Kí ló máa ń gé? Mo ní gbogbo nǹkan. Ó rẹ́rìn-ín. Ó wá ní, ọwọ́ wo ló ń lò?

Mo dákẹ́. Ká sọ òótọ́, ọ̀rọ̀ yẹn ò sí lọ́kàn mi rárá, bẹ́ẹ̀ òsì ni àǹtí mi ń lò. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń bá mi bọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ ti mọ ìdí tó fi jẹ́ àtàǹpàkò ọ̀tún ni ọ̀bẹ gé: òsì ló fi mú ọ̀bẹ, ọ̀tún ló fi di kárọ́ọ̀tì mú. Nígbà tí a wà ní kékeré, ìyá wa nà án nítorí òsì yìí títí. Wọ́n ní ọmọ tó ń fi òsì ṣe nǹkan, wọn ò kọ́ ọ nílé ni. Ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀tún jẹun, ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀tún gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà, ó sì fi ọ̀tún kọ̀wé títí tó fi jáde ìwé mẹ́wàá. Ọ̀bẹ nìkan ni kò gbà fún wọn. Nígbà tí wọ́n rí i pé yóò gé ara rẹ̀ ni wọ́n fi í sílẹ̀.

Mo ṣàlàyé bí mo ṣe lè ṣe é. Ìyá náà mi orí, ó ní ní ilé tàwọn náà, wọ́n máa ń fi dandan yí ọwọ́ ọmọ padà láyé ìgbà tí òun wà ní kékeré. Ó wá gbé ọ̀bẹ méjì sílẹ̀ kí n fojú ara mi rí i. Ọ̀kan, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún nìkan ni wọ́n pọ́n, ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Bí wọ́n ṣe ń ṣe ọ̀pọ̀ ọ̀bẹ ìbílẹ̀ wọn nìyẹn, ọlọ́wọ́ ọ̀tún ni wọ́n sì fi í sọ́kàn. Bí ẹni tó ń lo òsì bá fi gé nǹkan, ṣe ni ọ̀bẹ á máa ya kúrò lójú ibi tó fẹ́ gé. Èèkù rẹ̀ pàápàá, tí ẹ bá wò ó dáadáa, apá kan rẹ̀ yọ gongo láti bá ìka ọwọ́ ọ̀tún mu. Wọ́n ń ṣe ti olówó òsì, àmọ́ ó máa ń wọ́n jù. Ọ̀bẹ kejì, tọ̀tún tòsì ni wọ́n pọ́n, kò sí ọwọ́ tí kò lè lò ó. Ó ní kí n lọ bi ẹ̀gbọ́n mi léèrè ọ̀rọ̀ dáadáa, kí n padà wá, tàbí kí n rà á níbòmíì. Mo jáde lọ́wọ́ òfìfo.

Aago mẹ́wàá alẹ́ ni mo pe àǹtí mi, aago méjì ọ̀sán ni ní Ìbàdàn. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí mi, ṣé ẹ máa fi gé eegun? Ṣé ẹ máa fi gé ẹja tó dì nínú fíríìjì? Ta ló tún máa lò ó yàtọ̀ sí yín? Tí ẹ bá lò ó tán, ibo lẹ máa ń gbé e sí?"

Ó ní, "Èwo ni tìẹ? Ṣé ọ̀bẹ lò ń rà àbí ìyàwó lò ń fẹ́?"

Nígbà tó rẹ́rìn-ín tán, ó dáhùn. Ó ní òun ò ní fi gé eegun, ṣùgbọ́n òun ò lè fọwọ́ sọ̀yà fún àwọn ọmọbìnrin tó ń bá òun ṣiṣẹ́, àti pé bí òde bá ti pẹ́, inú bàsíà omi ni gbogbo ọ̀bẹ máa ń sùn títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé òótọ́ ló sọ. Ilé wo ni kò rí bẹ́ẹ̀?

Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ gbé mi dé Osaka. Ọkọ̀ ojú irin eléré tí wọ́n ń pè ní Shinkansen gbé wa láti Tokyo ní bíi wákàtí méjì ààbọ̀. Sakai wà ní gúúsù Osaka, wọ́n fi odò Yamato pààlà. Mo lè wọ ọkọ̀ tó yá jù lọ síbẹ̀, ṣùgbọ́n mo wọ ọkọ̀ Hankai, ọkọ̀ ojú irin kékeré oníyàrá kan ṣoṣo tó ń gba àárín títì lọ, tó ń lu agogo. Òun nìkan ló kù nínú irú rẹ̀ ní Osaka. Àwọn ìyá àgbà tó ra ẹ̀fọ́ bọ̀ láti ọjà kún inú rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ń kánjú.

Ìlú ọlọ́jà létí òkun ni Sakai láyé àtijọ́. Ibojì ọba kan wà níbẹ̀ tó gùn ní mítà 486, tí igi bò, tí omi yí ká. Láti bí 1,600 ọdún sẹ́yìn ló ti wà níbẹ̀, UNESCO sì kọ ọ́ mọ́ àwọn ogún àgbáyé ní 2019. Àwọn ará ibẹ̀ gbà pé àwọn tó rọ irinṣẹ́ tí wọ́n fi mọ irú ibojì bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ gbé iṣẹ́ àgbẹ̀dẹ dé ìlú náà. Ní 1543 àwọn ará Portugal gbé ìbọn dé Japan, kò pẹ́ tí Sakai fi di ọ̀kan lára ibi tí wọ́n ti ń rọ ọ́. Àwọn ará Portugal yìí náà ló gbé tábà dé, ni àwọn alágbẹ̀dẹ Sakai bá bẹ̀rẹ̀ sí í rọ ọ̀bẹ tí wọ́n fi ń rẹ́ ewé tábà. Ọ̀bẹ náà dára débi pé ìjọba ìgbà náà fún un ní òǹtẹ̀ tirẹ̀. Nígbà tó di 1876 tí wọ́n fòfin de gbígbé idà kiri ní gbogbo Japan, ọ̀pọ̀ alágbẹ̀dẹ tó ń rọ idà ló kọjú sí ọ̀bẹ.

Mo bọ́ sílẹ̀ ní Myokokuji-mae, mo dé ilé tí wọ́n kó iṣẹ́ ọwọ́ ìlú náà jọ sí, wọ́n sì júwe ilé alágbẹ̀dẹ kan fún mi tó máa ń gba àlejò. Ilé kékeré, dúdú, ooru rẹ̀ ń lu èèyàn láti ẹnu ọ̀nà. Ojúbọ kékeré kan wà lókè ògiri, wọ́n fi okùn koríko ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́. Ní oṣù kọkànlá ọdún, wọ́n ní àwọn alágbẹ̀dẹ máa ń ṣọdún ẹwìrì, wọn kì í dá iná lọ́jọ́ náà. Ta ni yóò sọ fún ọmọ Yorùbá pé ibi tí irin bá wà, èèyàn gbọ́dọ̀ bọ̀wọ̀ fún nǹkan kan?

Bàbá alágbẹ̀dẹ náà mú irin rírọ̀ àti irin líle, ó fi iná àti owú lẹ̀ wọ́n pọ̀ di ọ̀kan. Irin líle ló máa gé nǹkan, rírọ̀ ló máa dì í mú kó má baà kán. Nígbà tó fẹ́ tì í bọ omi, wọ́n pa gbogbo iná mànàmáná. Ó ní ojú lòún fi ń mọ ìgbà tí irin gbóná tó, àwọ̀ rẹ̀ ló ń sọ fún òun, ìmọ́lẹ̀ sì máa ń tan ojú jẹ. Irin náà pọ́n bí ìbẹ́pẹ tó ti gbó, ó sì wọ omi pẹ̀lú ariwo ṣàà!

Mo rò pé ọ̀bẹ ti parí nìyẹn. Wọ́n ní rárá o. Ní Sakai, ẹni tó rọ ọ̀bẹ kì í pọ́n ọn. Ó máa lọ sí ilé ẹlòmíràn tí iṣẹ́ tirẹ̀ kò ju pípọ́n lọ, lẹ́yìn náà ló máa lọ sọ́dọ̀ ẹni tí yóò fi èèkù sí i. Ilé mẹ́ta ni ọ̀bẹ kan máa ń gbà kọjá. Mo sọ fún wọn pé àwọn àgbà wa ní bó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kò lè gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Ọmọkùnrin tó ń túmọ̀ fún mi sọ ọ́ fún bàbá náà, bàbá náà rẹ́rìn-ín títí, ó ní kí n tún un sọ.

Ọ̀bẹ bàbá yìí wù mí, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n irin tó fi ṣe é, èyí tí wọ́n ń pè ní shirogami, ìyẹn bébà funfun, nítorí bébà tí wọ́n fi ń wé e, máa ń mú gan-an, ó sì rọrùn láti pọ́n. Aogami, bébà aró, jẹ́ ẹ̀gbọ́n fún un. Àwọn méjèèjì ló máa ń dógùn-ún. Ẹ gé tòmátì, ẹ fi sílẹ̀ láìnù, kí ẹ tó padà dé àwọ̀ rẹ̀ ti yí. Ẹ wá jẹ́ kó sun inú bàsíà mọ́jú ní Ìbàdàn! Mo rí bàsíà náà lójú mi bí mo ṣe dúró síbẹ̀, mo sì mọ̀ pé bí mo bá ra ọ̀bẹ yìí, èmi ni mo rà á fún, kì í ṣe àǹtí mi.

Ṣọ́ọ̀bù ọ̀bẹ kan tí kò jìnnà síbẹ̀ ni mo ti rí tiwa. Gígùn rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 12, wọ́n pọ́n ọn tọ̀tún tòsì, èèkù rẹ̀ jẹ́ irú ti òyìnbó tí omi kì í tètè bà jẹ́, tó sì rí bákan náà lápá méjèèjì. Irin inú rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní VG-10, iléeṣẹ́ Takefu ní Echizen ló ń ṣe é. Kì í tètè dógùn-ún. Ẹni tó ń tà á ò tàn mí jẹ, ó ní kì í ṣe owú alágbẹ̀dẹ Sakai ló rọ èyí, pé bí pákó tí wọ́n ti lẹ̀ pọ̀ ni irin náà ṣe máa ń wá, àwọn a sì gé e jáde. Ojú kọ́kọ́ tì mí díẹ̀. Gbogbo ọ̀nà yìí! Àmọ́ mo di í mú lọ́wọ́ òsì, mo di í mú lọ́tùn-ún, kò tó ìdajì fóònù mi ní ìwúwo. Mo gbé e sókè, mo wò ó láti èèkù dé ṣóńṣó bóyá ó tọ́. Mo fi ìka gba ibi tí irin àti èèkù ti pàdé bóyá àlàfo wà tí omi lè wọ̀. Mo fi ìka gba ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá wọ́n dán an, nítorí ibẹ̀ ni ìka ìfábẹ̀lá máa ń sinmi lé. Gbogbo rẹ̀ pé.

Ọkùnrin náà kìlọ̀ fún mi. Ó ní irin wọn le ju ọ̀pọ̀ ọ̀bẹ Jámánì lọ, ìdí nìyẹn tó fi máa ń pẹ́ kó tó kú, ìdí náà sì nìyẹn tí ẹnu rẹ̀ fi máa ń fọ́ wẹ́wẹ́ bí èèyàn bá fi gé eegun, bó bá fi gé nǹkan tó dì, tàbí bó bá fi ṣí ìdérí nǹkan. Orí pákó ni kí wọ́n ti máa gé nǹkan, kì í ṣe orí àwo. Mo fi yen 11,000 ra ọ̀bẹ, mo tún fi 3,300 ra òkúta tí wọ́n fi ń pọ́n ọn, èyí tí wọ́n kọ 1000 sí lára. Èmi ò rí ìdí kankan tí èèyàn fi máa ra irú ọ̀bẹ yìí láìra òkúta. Wọ́n á rẹ òkúta sómi, wọ́n á gbé ẹ̀yìn ọ̀bẹ sókè díẹ̀, bíi kí wọ́n fi owó ẹyọ méjì tì í lábẹ́, wọ́n á wá máa fà á lọ fà á bọ̀. Ẹ má gbé e fún àwọn tó ń fi ẹ̀rọ pọ́n ọ̀bẹ kiri o, nítorí ooru ẹ̀rọ yẹn lè ba líle irin náà jẹ́.

Ó wé e, ó lẹ̀ ẹ́ pa pẹ̀lú rìsíìtì. Ní Japan, òfin ò fẹ́ kí èèyàn máa gbé ọ̀bẹ tó gùn ju sẹ̀ǹtímítà mẹ́fà kiri láìnídìí, ẹ má ṣí i lójú ọ̀nà. Inú àpótí tó ń lọ sí ikùn ọkọ̀ òfuurufú ni kí ẹ sì kó o sí. Ó tún ní bó bá jẹ́ pé ẹ̀bùn ni, àwọn kan níbẹ̀ máa ń bẹ̀rù pé ọ̀bẹ lè gé ìfẹ́, ẹni tó bá gbà á yóò wá fún ẹni tó mú un wá lówó ẹyọ kan, kó lè dà bíi pé ó rà á. Owó yen márùn-ún ni wọ́n fẹ́ràn jù. Ó ní ihò láàárín bíi kọ́bọ̀ oníhò ayé àwọn bàbá wa.

Ọjọ́ Sátidé ni mo gbé e dé Ìbàdàn. Àǹtí mi ò sọ̀rọ̀. Ó tú u, ó fi òsì mú un, ó gbé àlùbọ́sà kan sórí pákó. Ọ̀bẹ náà wọlé bíi pé kò sí àlùbọ́sà níbẹ̀. Ó rẹ́ ẹ títí tó fi kan ìdí, omi ò jáde lójú rẹ̀. Ó wá ní, "Ta ló ní kó o béèrè ọwọ́ tí mo ń lò?" Mo sọ fún un nípa ìyá tó wà ní Kappabashi, pé wọ́n na àwọn ọmọ olówó òsì lọ́hùn-ún náà. Ó ní, "Háà." Ó tún gbé àlùbọ́sà mìíràn.

Nígbà tí mo sọ ọ̀rọ̀ owó ẹyọ fún un, ó tú báàgì rẹ̀ títí, ta ló tún ń rí kọ́bọ̀ lóde òní? Náírà àádọ́ta oníbébà ló fi lé mi lọ́wọ́, ọwọ́ òsì ló sì fi nà án sí mi, kò tiẹ̀ mọ̀. Mo gbà á.

Bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ, ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ wọlé pẹ̀lú orí ẹja pańla nínú abọ́, ó sì na ọwọ́ sí ọ̀bẹ tuntun. Mi ò tíì gbọ́ irú igbe bẹ́ẹ̀ lẹ́nu àǹtí mi rí. "Gbé e sílẹ̀! Ti eegun wà lábẹ́ tábìlì!"